Yàrá Ilé Ọdún Kì í Ṣe Ilé Ẹrù

Ọ̀rọ̀ yàrá ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe yàrá tí ẹ ń sùn ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn lójoojúmọ́ ni mò ń wí. Yàrá tó wà nílé, nínú ìlú yín gan-an, ni ọ̀rọ̀ kàn: èyí tí ẹ máa ń já wọ̀ bí Iléyá bá ku ọ̀túnla, tàbí bí Kérésìmesì bá ti dé tán, tí ẹ óò fi ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin sùn, kí ẹ tó tún tì í pa di ọdún mìíràn. Ẹlòmíràn á ra ilé sí etí òkun torí ìsinmi. Ní ti ọ̀pọ̀ wa, ilé ìsinmi tí a ní kò ju ilé tí a kọ́ sí ìlú baba wa lọ. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde tó ń wá láti Èkó àti láti London torí ọdún Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn ará Òṣogbo tó ń bọ̀ wálé lóṣù kẹjọ torí ọdún Ọ̀ṣun náà mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà sì ti wí i pé ilé làbọ̀ simi oko.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ẹ ń simi níbẹ̀ lóòótọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀pọ̀ irú yàrá bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí, kí ẹ sọ fún ara yín bóyá tiyín kọ́. Bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, òórùn kánfọ̀ ni yóò kọ́kọ́ pàdé ènìyàn. Bí wọ́n bá tanná, bọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló wà láàárín àjà, funfun báláú, tó ń gún ni lójú. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n pa tì ní Èkó lọ́jọ́ tí wọ́n ra tuntun ló wà níbẹ̀. Fóòmù orí rẹ̀ ti jìn kòtò láàárín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni fíríìjì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, àga méjì tí ẹsẹ̀ wọn kò pé, àti páálí tí wọ́n fi téèpù dì, tí ẹnikẹ́ni ò rántí ohun tó wà nínú wọn. Kàlẹ́ńdà ìsìnkú àgbàlagbà kan ládùúgbò ṣì wà lára ògiri, ọdún tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ti kọjá tipẹ́. Kọ́bọ́ọ̀dù kún fún ike, tíréè àti abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n pín níbi ìnáwó oríṣiríṣi. Ẹni tó ni ilé á wá ti páálí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á tẹ́ bẹ́ẹ̀ṣíìtì lé fóòmù, á sì sùn sáàárín ẹrù bí ẹni tó wọ ọkọ̀ akẹ́rù.

Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mí. Ẹ rántí bí ilé yẹn ṣe di ilé. Àpò sìmẹ́ńtì díẹ̀díẹ̀ ni, lọ́dọọdún, owó tí à bá fi jẹun ni a kó lé e. Nígbà tí ó wá parí tán, pálọ̀ la fi gbogbo ohun tó dára sí, torí pé pálọ̀ ni àlejò ń rí. Yàrá tí onílé fúnra rẹ̀ ń sùn di ibi tí à ń kó ohun tí Èkó ti lò tán pa mọ́ sí. Mi ò rí ìdí kankan tí ó fi yẹ kí ẹni tó làágùn kọ́ ilé máa bá àlòkù sùn nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò gba owó. Ẹ kó ohun gbogbo inú yàrá náà jáde sí àgbàlá, kó sá oòrùn fún ọjọ́ kan gbáko. Mo ní ohun gbogbo o, títí kan ohun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Yàrá tó ṣófo nìkan ni ojú lè rí dáadáa: ẹ óò rí ibi tí ògiri ti sán, ibi tí ìkán ti gun férémù ìlẹ̀kùn, ibi tí omi ti ń jò. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kó ẹrù padà, ohun tí ẹ óò fọwọ́ kàn láàárín ọjọ́ mẹ́rin tí ẹ fi wà nílé nìkan ni kó wọlé. Fíríìjì tó ti kú kò sí lára rẹ̀. Àwọn tó ń kiri ra irin àti ike àlòkù wà ní gbogbo ìlú, ẹ pè wọ́n. Ohun tó ṣì dára tí ẹ kò lò, ẹ fún ará ilé tó nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó bá jẹ́ ti bàbá tàbí ti ìyá yín, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ má ì tà á, ẹ má ì fi tọrẹ. Mo ń bọ̀ sórí ìyẹn.

Ibì kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kì yín nílọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú ṣọ́bìrì tàbí òòlù. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ nílẹ̀ wa ní ọdún 1960 sí 1980 ló ní àjà asbestos: pátákó aláwọ̀ eérú, tó le bíi sìmẹ́ńtì, tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ igi. Bí wọ́n bá fọ́ ọ, tí wọ́n gé e tàbí tí wọ́n fi sáńdípépà fá a, eruku tó ń jáde lára rẹ̀ ní òwú tínńtín tí ojú ò rí. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń wọ̀ lọ jókòó, ó sì lè di àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé gbogbo irú asbestos ló ń fa jẹjẹrẹ. Nítorí náà, bí àjà náà bá ṣì dá ṣáká, ẹ má fọwọ́ kàn án ju kí ẹ kùn ún lọ́dà lọ. Bí ó bá ti fọ́, ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, kí wọ́n fi omi rin ín dáadáa kí wọ́n tó tú u, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ìgbálẹ̀ gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Àwọn ọmọdé kò gbọ́dọ̀ sí nítòsí rárá.

Lẹ́yìn àjà, ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri. Níbi tí ọ̀dà bá ti ń ṣí, tí ohun funfun bí ìyẹ̀fun sì ń jáde, omi ló ń gun ògiri láti inú ilẹ̀ wá. Omi náà ń gbé iyọ̀ inú búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì jáde. Bí omi bá gbẹ, iyọ̀ á ṣẹ́ kù sójú ògiri. Ọ̀pọ̀ pẹ́ńtà, bí wọ́n bá rí i, ọ̀dà olóróró ni wọ́n máa ń fi bò ó, wọ́n á ní yóò dí i pa. Irọ́ ni. Omi tí kò rí ọ̀nà jáde níwájú á gun òkè sí i, lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ óò bá a níbi tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó tọ́ ni kí ẹ wo ìta: ṣé omi òjò láti orí òrùlé ń dà sí ẹsẹ̀ ògiri? Ṣé ilẹ̀ àgbàlá ga ju ilẹ̀ yàrá lọ? Ẹ tún ìyẹn ṣe ná. Ẹ ha ọ̀dà tó ti kú kúrò, ẹ jẹ́ kí ọ̀gbẹlẹ̀ gbẹ ògiri náà, kí ẹ sì lo ọ̀dà olómi tó ń jẹ́ kí ògiri mí. Bí ilé náà bá ti pẹ́, ẹ má fá ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́ ló ní òjé nínú, eruku rẹ̀ sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó ha á.

Ní ti afẹ́fẹ́, àwọn tó kọ́ ilé láyé ìjọ́un ṣe é jù wá lọ. Ẹ wo àwọn ilé Àgùdà ní Èkó, èyí tí àwọn tó ti Brazil padà wá kọ́ ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àti àwọn ilé olókè tí owó kòkó kọ́ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn náà. Àjà wọn ga, fèrèsé wọn jẹ́ onípákó tó ń ṣí gbalaja, ihò atẹ́gùn sì wà lókè fèrèsé. Fèrèsé onídígí tí à ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí gbogbo ayé ń lò báyìí, ìdajì ojú rẹ̀ péré ló lè ṣí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ fèrèsé, ẹ ní kí wọ́n ṣe èyí tó ń ṣí síta bí ìlẹ̀kùn. Bí ògiri méjì bá wà tó kọjú síta, kí fèrèsé wà lára méjèèjì, kí afẹ́fẹ́ wọ ibì kan, kó jáde níbòmíràn. Ẹ̀yin tó ní fèrèsé onípákó tó ti gbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jó o. Kàfíńtà tó mọṣẹ́ lè tún un ṣe, ẹ ó kàn nẹ́ẹ̀tì sí i nínú, ó parí.

Mo mẹ́nu ba kánfọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà lágbára ju òórùn lọ. Kánfọ̀ róbótó funfun tí a ń jù sáàárín aṣọ, naphthalene ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn wà láàárín wa tí èròjà ara tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn; wọ́n pọ̀ nílẹ̀ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ̀. Bí ọmọ tuntun tó ní irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá wọ aṣọ tí wọ́n fi kánfọ̀ pa mọ́, tàbí tó ń fa òórùn rẹ̀ símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìyẹn sì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ títí ayé. Ìgbà ọdún sì ni a máa ń gbé ọmọ tuntun wálé kí ìyá àgbà lè rí i! Ẹ kó kánfọ̀ jáde kúrò nínú yàrá yẹn. Aṣọ tí ẹ fọ̀, tí ẹ sá gbẹ dáadáa, tí ẹ dì sínú àpótí tó ní ọmọrí tó dé pa, kò nílò rẹ̀.

Ọ̀tápíàpíà náà ńkọ́, èyí tí a máa ń fín sí yàrá lọ́jọ́ tí a bá dé, torí aáyán àti ẹ̀fọn? Dichlorvos ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, oògùn oko ni, kì í ṣe ti ibi tí ènìyàn ń sùn. Lọ́dún 2019 ni NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì lára fèrèsé àti nẹ́ẹ̀tì olóògùn lórí bẹ́ẹ̀dì ló dára. Ẹ kọ́kọ́ sá nẹ́ẹ̀tì olóògùn tuntun sábẹ́ ìbòòji fún wákàtí 24 kí ẹ tó ta á, kò sì ní ta yín lójú. Bí ẹ bá sì ń tan jẹnẹrétọ̀, kó jìnnà sí fèrèsé yàrá. Èéfín rẹ̀ tí kò lóòórùn ń pa odidi ìdílé mọ́ ojú oorun.

Ó dáa. Yàrá ti ṣófo, ó ti gbẹ, ó ti ń mí. Ọ̀dà ló kàn.

Àwọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lò ni kíríìmù, pẹ̀lú ọ̀dà olóróró aláwọ̀ ilẹ̀ nísàlẹ̀ tó ń dán yanranyanran. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ nínú yàrá. Ohun tó ń dán ń da ìmọ́lẹ̀ padà sí ni lójú, ó sì ń jọ ọ́ọ́físì ìjọba. Ẹ ní kí pẹ́ńtà lo ọ̀dà tí kò dán. Ní ti àwọ̀, ẹ wo ìhà tí fèrèsé kọjú sí. Yàrá tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ̀, tó ń gbóná di alẹ́, ẹ fún un ní àwọ̀ tútù: funfun bí ẹfun, tàbí àwọ̀ aró tí wọ́n fi funfun là. Yàrá ẹ̀yìn tí òkùnkùn pọ̀ nínú rẹ̀, àwọ̀ amọ̀ tó rọ díẹ̀ yóò gbà á. Ẹ má yan àwọ̀ lójú ìwé pélébé tí wọ́n ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kun ún sójú pátákó kan, ẹ gbé e ti ògiri, ẹ wò ó láàárọ̀, ẹ wò ó lọ́sàn-án, ẹ tún wò ó lálẹ́ lábẹ́ iná. Ọ̀dà kan náà yóò yàtọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta yẹn, alẹ́ ni kí ẹ sì gbà gbọ́, torí alẹ́ ni ẹ óò máa wà níbẹ̀.

Kí wọ́n má sì jẹ owó yín. Lítà ọ̀dà olómi kan máa ń kun nǹkan bíi mítà 10 níbùú lóròó lẹ́ẹ̀kan lójú ògiri tó dán. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tí ògiri rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10, bí ẹ bá yọ ìlẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, nǹkan bíi mítà 40 níbùú lóròó ni. Kíkùn ẹ̀ẹ̀mejì gba lítà 8. Ẹni tó bá ní kí ẹ ra gáràwá lítà 20 méjì fún yàrá kan ṣoṣo, ẹ bi í léèrè ilé ta ni yóò fi ìyókù kùn.

Iná ni ohun tí a fojú kéré jù, bẹ́ẹ̀ òun ló ń lé oorun lọ. Lọ́dún 1958, onímọ̀ kan, Aaron Lerner, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Yale, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, rí èròjà kan tí wọ́n sọ ní melatonin, èyí tí ara ń sun jáde bí ilẹ̀ bá ṣú, tó sì ń sọ fún ara pé ó tó àkókò láti sùn. Ìmọ́lẹ̀ funfun tó mú yàn-ìn ń dí i lọ́wọ́. Ara páálí bọ́ọ̀bù ni wọ́n ń kọ irú ìmọ́lẹ̀ tó ní sí. Èyí tó bá ní 6500K lára, ti ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìdáná ni. 2700K tàbí 3000K ni kí ẹ wá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó sún mọ́ ti àtùpà. Ẹ má fi mọ sí àárín àjà nìkan. Ẹ gbé àtùpà kékeré kan, ti oòrùn ni bí ó bá ṣeé ṣe, sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ lè pa ti òkè bí ẹ bá ń gbádùn ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìyàwó tàbí ọkọ yín lálẹ́. Ìyàtọ̀ tí iná méjèèjì yìí ń mú wá ju ti ohunkóhun tí mo ti dárúkọ lọ.

Bẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ẹ ra fóòmù tuntun. Ibi tí ẹ óò gbé e sí ni ẹ rò dáadáa. Lọ́dún 1984, olùwádìí kan, Roger Ulrich, kọ ìwádìí kan sínú ìwé ìròyìn Science. Ó yẹ àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 46 wò, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ òróòro fún nílé ìwòsàn kan ní Pennsylvania, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Fèrèsé àwọn 23 nínú wọn kọjú sí igi. Àwọn 23 yòókù ń wo ògiri bíríìkì. Àwọn tó ń rí igi lo ọjọ́ 7.96 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ní ìpíndọ́gba kí wọ́n tó lọ sílé, àwọn tó ń wo ògiri lo 8.70. Àwọn tó ń rí igi kò sì béèrè oògùn ìrora tó lágbára tó ti àwọn yòókù. Nílé tiwa, igi máńgòrò tàbí igi ọ̀pẹ máa ń wà lẹ́yìnkùlé, à ń kẹ́yìn sí i láti lè rí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ yí bẹ́ẹ̀dì padà. Kí ojú yín tó là láàárọ̀ ọdún kọjú sí igi yẹn. Tẹlifíṣọ̀n, ẹ jẹ́ kó wà ní pálọ̀.

Mo wá dé orí èyí tó wù mí jù láti sọ, ìyẹn bí yàrá náà yóò ṣe di tiyín.

Ọ̀rẹ́ mi kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ní yàrá kan nílé wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀ nígbà ayé wọn. Nígbà tí wọ́n kó ẹrù inú yàrá náà jáde, wọ́n bá maṣíínì ìyá náà lábẹ́ àwọn páálí, Singer dúdú tó ní tábìlì onírin, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nísàlẹ̀. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi ní kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ó kọ̀. Ó fi kẹrosíìnì nu ìpẹtà kúrò lára irin ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kí kàfíńtà fi fáníìṣì kun ojú tábìlì, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Orí rẹ̀ ni àtùpà àti gíláàsì ojú rẹ̀ máa ń wà báyìí. Dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ tábìlì náà, tí ìyá rẹ̀ ń kó òwú sí, ni ó ń kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sí. Àlùmọ́gàjí ńlá tí ìyá náà fi ń gé aṣọ, ó fi ìṣó kan kọ́ ọ sára ògiri. Ohun mìíràn ò sí lára ògiri yẹn. Ẹni tó bá wọ yàrá náà kò nílò kí wọ́n sọ fún un ọmọ ẹni tó ń sùn níbẹ̀.

Nínú àpótí ìyá náà ni wọ́n ti bá àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan, Ìbàdàndún, èyí tí wọ́n ya àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó sí, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí nílùú Ìbàdàn lọ́dún 1929. Ẹ̀yin tó mọ̀ nípa àdìrẹ mọ bí iṣẹ́ náà ti tó: ìyẹ́ adìyẹ ni àwọn obìnrin tó ń ṣe é ń tì bọ inú èkọ láfún, wọ́n ó máa fi ya àrà sójú aṣọ funfun ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá gbẹ, wọ́n ó rì í sínú aró ẹ̀lú, wọ́n ó yọ ọ́, wọ́n ó sá a, wọ́n ó tún rì í, títí yóò fi dú bí wọ́n ṣe fẹ́. Ibi tí èkọ wà, aró ò ní mú un dáadáa. Ojú kan ṣoṣo ni èkọ wà, nítorí náà ẹ̀yìn aṣọ náà máa ń dúdú ju iwájú lọ. Ìró àtijọ́ sì máa ń jẹ́ aṣọ méjì, yáàdì méjì àbọ̀ ní gígùn, tí wọ́n rán pọ̀ láàárín. Ẹ wo ohun tí ọ̀rẹ́ mi ṣe: ó fi abẹ́rẹ́ tú ojú rírán àárín yẹn, láìgé aṣọ náà rárá, ó sì di kọ́tìnì méjì tó gùn dé ilẹ̀, apá ọ̀tún àti apá òsì. Bí oòrùn àárọ̀ bá là, ara òpó Mápó ló ń gbà wọlé. Bí ẹnì kan bá tún fẹ́ fi ró lọ́la, wọ́n á kàn rán an padà ni.

Bí tiyín bá jẹ́ tuntun, láti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta tàbí láti Òṣogbo, ẹ dá a fọ̀ lọ́tọ̀ nínú omi tútù títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kó má baà kun bẹ́ẹ̀ṣíìtì funfun yín. Ẹ rán aṣọ funfun lásán mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ níhà fèrèsé, torí oòrùn ń ṣá aró. Aṣọ òfì ìyá yín, sányán tàbí ẹtù tí Ìsẹ́yìn hun, ẹ tẹ́ ẹ sí ìdí bẹ́ẹ̀dì dípò kó máa gbó nínú àpótí. Nílẹ̀, ẹ má tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Yàrá tí wọ́n tì pa fún oṣù mẹ́wàá, tí eruku ọyẹ́ ń wọ̀ láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, kápẹ́ẹ̀tì á gbà á mọ́ra, eku á sì ṣe ìtẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹní ni kí ẹ rà. Àwọn obìnrin Ògòtún-Èkìtì ṣì ń hun èyí tó lárà. Ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ ká a, ẹ gbé e ti ògiri.

Ní ti fọ́tò, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ̀dà náà wà lára ògiri, kí ojúlówó wà níbi tó gbẹ. Mélòó kan tó. Ẹ má fi òkú nìkan kún ògiri. Ẹ fi àwọn ọmọ yín tó wà láyé kún un, kí àwọn náà lè mọ̀ pé àwọn ní ààyè nínú ilé yìí. Èyí ṣe pàtàkì fún àwọn tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó. Ọmọ tó rí àwòrán ara rẹ̀ nílé bàbá rẹ̀ àgbà kò ní máa bi yín ní gbogbo ìgbà pé ọjọ́ wo la máa lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin tí yàrá yín wà nínú ilé ẹbí. Yàrá tí wọ́n pín fún yín kò sọ yín di onílé. Kí ẹ tó wó ògiri, kí ẹ tó pààrọ̀ fèrèsé, kí ẹ tó gbé ohun èlò ìyá yín kúrò níbi tó wà, ẹ lọ bá olórí ẹbí, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ, ẹ ṣàlàyé. Bí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n kan bá ń gbé ilé náà láti oṣù dé oṣù, yàrá tiwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn. N kò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ṣe yàrá ọjọ́ mẹ́rin lọ́ṣọ̀ọ́, kí òjò sì máa jò sórí ẹni tó ń ṣọ́ ilé ní ọjọ́ yòókù.

Bí ẹ bá fẹ́ kí yàrá náà tó lò fún Kérésìmesì, ìsinsìnyí ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ògiri gbọ́dọ̀ gbẹ kí pẹ́ńtà tó débẹ̀, òjò kì í sì í dá pátápátá ní ọ̀pọ̀ ìlú wa títí oṣù kẹwàá yóò fi parí. Ẹ pe ẹni tó ń bá yín tọ́jú ilé lórí fóònù lálẹ́ òní. Ẹ ní kó ṣí ìlẹ̀kùn àti fèrèsé yàrá yín láàárọ̀ ọ̀la, kó kó gbogbo kánfọ̀ dànù, kó sì ya fọ́tò ìsàlẹ̀ ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí yín.